Ṣé kí ọmọ mi fi àdìrẹ ẹlẹ́kọ rẹ̀ kún fọ́ọ̀mù yunifásítì?

Ìyá Àbíkẹ́, Abẹ́òkúta:
Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín o. Ọmọ mi fẹ́ lọ kọ́ kẹ́místírì ní Amẹ́ríkà. Common App, ìyẹn fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ibẹ̀ jọ ń lò, ló ń kọ lọ́wọ́, gbèdéke ilé ẹ̀kọ́ tó kọ́kọ́ yàn sì ni November 1. Láti ọmọ ọdún 11 ló ti ń jókòó ti ìyá mi, tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Aṣọ tó ti yà lé ní 20. Ṣé kó fi wọ́n ránṣẹ́, àbí wọn ò ní kà á sí nítorí pé kì í ṣe iṣẹ́ ọnà ló fẹ́ kọ́? Ohun kan tún ń jẹ mí lọ́kàn. Èyí tó ní bátànì Ìbàdàndùn ló rẹwà jù nínú wọn, ṣùgbọ́n ìyá mi ló ya òpó gbọ̀ngàn Mápó ti Ìbàdàn tó wà lára rẹ̀.

Bọ̀dá Tóyè:
Kó fi ránṣẹ́, mà. Kẹ́místírì tó fẹ́ kọ́ yẹn wà nínú ìkòkò aró ìyá àgbà. Èlú tí wọ́n fi ń ṣe aró kì í yòrò nínú omi lásán, àfi tó bá pẹ́ nínú omi eérú títí tó fi kan. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa aṣọ jáde, àwọ̀ rẹ̀ máa ń dà bí ti ewé. Atẹ́gùn tó fẹ́ sí i ló ń sọ ọ́ di aró. Kó kọ èyí sábẹ́ àwòrán ní ìlà mẹ́ta. MIT pàápàá, yunifásítì sáyẹ́ǹsì ńlá ní Amẹ́ríkà, ń gba iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ kọ́ sáyẹ́ǹsì.

Àǹtí Olùkọ́:
Kó kọ́kọ́ ka ohun tí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan ń gbà, àwọn kan kì í gbà. Ẹ má kó o fún ẹni tí kò béèrè. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbà ló ń lo SlideRoom, ìkànnì tí wọ́n ń kó àwòrán iṣẹ́ ọwọ́ sí. Ó lè gba owó, gbèdéke rẹ̀ sì lè yàtọ̀ sí ti fọ́ọ̀mù. Ẹ má di aṣọ sínú páálí o! Àwòrán ni wọ́n ń fẹ́, kó má sì jẹ́ 20. Ọmọ kíláàsì mi kan kó gbogbo ohun tó yà láti JSS1 ránṣẹ́, èyí tí kò dára sì bo èyí tó dára mọ́lẹ̀.

Ìyá Aláró, Ìtòkú:
Ẹ tẹ́ aṣọ síta láàárọ̀, kí oòrùn tó le. Ẹ má fi fóònù pa àwọ̀ rẹ̀ dà. Kí wọ́n ya ọ̀kan láti ìtòsí, kí ipa ìyẹ́ lè hàn. Ìbàdàndùn yẹn, ẹ yọ ọ́.

Bọ̀dá Tóyè:
Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kò lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn méjèèjì ló jọ yà á?

Ìyá Aláró, Ìtòkú:
Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, irọ́ kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ ọmọ náà nìkan lè ṣe ni wọ́n fẹ́ rí. Òpó Mápó lojú máa kọ́kọ́ bá, òun kọ́ ló sì yà á.

Ìyá Àbíkẹ́, Abẹ́òkúta:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ó ti mú mẹ́fà. Ìyá mi ní kó ya Ìbàdàndùn tuntun fúnra rẹ̀, àti òpó àti igun rẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ti gbé ẹ̀kọ láfún kaná.