X-ray tó ń ti ọ̀run wá: kí ló dé tí kì í dé ilẹ̀?

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, X-ray ni mò ń yà, ó ti tó ọdún 16 báyìí. Lálẹ́ àná ni Kẹ́hìndé mi tó wà ní JSS3 bi mí pé: “Màámi, wọ́n ní ihò dúdú (black hole) kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ jáde nínú òun. Wọ́n tún ní X-ray ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Èwo ni ká gbà gbọ́?” Mi ò rí nǹkan kan sọ.

Èyí tó wá ń da èmi fúnra mi láàmú ni pé wọ́n ní X-ray àwọn ìràwọ̀ kì í dé ilẹ̀, àfi kí wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ sókè. X-ray tí mo mọ̀ máa ń gba inú itan àgbàlagbà kọjá. Òjé ni wọ́n fi sínú ògiri yàrá wa kó má baà bọ́ síta. Báwo ni afẹ́fẹ́ lásán ṣe máa dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dúró? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi. Mo fẹ́ dá ọmọ lóhùn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Ẹ káalẹ́, mà. Iṣẹ́ tí mò ń kọ́ ní yunifásítì nìyí, inú mi sì dùn pé ẹni tó mọ X-ray ló béèrè. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀rọ yín.

Ẹ mọ pèlébé aluminíọ̀mù tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ, tí ìtànṣán ń gbà kọjá kó tó kan aláìsàn. Iṣẹ́ asẹ́ ló ń ṣe. Àwọn ìtànṣán tí kò lágbára ló ń gbà mú, torí inú awọ aláìsàn ni wọ́n máa parí sí, wọn ò ní ṣe àwòrán kankan láǹfààní. Irú aláìlágbára yẹn gan-an ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń ti ọ̀dọ̀ àwọn ìràwọ̀ wá. Ẹ lè fi 100 kilovolt ya àyà. Sátẹ́láìtì X-ray àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé lọ sókè, X-ray tí agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 2 dé 20 lọ lórí òṣùwọ̀n kan náà ló ń wá.

Afẹ́fẹ́ náà kì í sì í ṣe nǹkan lásán, mà. Tí a bá kó gbogbo èyí tó wà lórí wa jọ, láti ilẹ̀ títí dé òkè pátápátá, ìwọ̀n rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú omi tó jìn tó mítà 10. Ẹ ro kànga tó kún tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé fíìmù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ gbé ẹ̀rọ yín sí ẹnu rẹ̀. Kò sí ohun tí fíìmù yẹn máa rí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé rọ́kẹ́ẹ̀tì ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Riccardo Giacconi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lò ní New Mexico lọ́dún 1962. Kò tó ìṣẹ́jú 6 tí ẹ̀rọ wọn fi wo ojú ọ̀run. X-ray láti ara òṣùpá ni wọ́n ń wá, ohun kan tí wọ́n sọ ní Sco X-1 ni wọ́n bá pàdé, orísun X-ray àkọ́kọ́ tí wọ́n rí lẹ́yìn oòrùn wa, lọ́nà jíjìn.

Ọ̀rọ̀ ti Kẹ́hìndé wá kù. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá mi àgbà, mo sì máa ń jókòó ti iná wọn. Irin á kọ́kọ́ dúdú, á pọ́n, á wá ní àwọ̀ bí epo, tí ẹni tó ń fi ẹwìrì fínná ò bá sì sinmi, á funfun débi pé ojú ò ní lè wò ó. Bó ṣe ń gbóná sí i ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń yí padà. Ohun tó bá gbóná dé ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dígírì, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti kọjá èyí tí ojú ń rí. X-ray ló kù.

Ihò dúdú tí ìràwọ̀ ńlá bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ máa ń fa gáàsì lára ìràwọ̀ náà. Gáàsì ọ̀hún kì í já wọlé tààrà. Ó ń yí, ó ń yí, ó ń fi ara ha ara, ó sì ń gbóná bó ṣe ń sún mọ́ ẹnu ihò. Ìta ẹnu ihò yẹn ni X-ray ti ń wá. Èyí tó bá wọlé tán, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ẹ sọ fún Kẹ́hìndé pé kó gba méjèèjì gbọ́.

Tísà Físíìsì

Àlàyé náà já gaara. Mo kàn fẹ́ fi ọ̀kan kún un, torí mi ò kì í jẹ́ kí ó fo àwọn ọmọ kíláàsì mi. Láti orí omi Kẹ́ńyà, nítòsí Malindi, ni wọ́n ti ta sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ yẹn sókè ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1970. NASA ló ni ín, àwọn ará Ítálì ló ta á láti orí pèpéle wọn tó wà nínú òkun. Ọjọ́ yẹn pé ọdún 7 tí Kẹ́ńyà gba òmìnira, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Uhuru, tí í ṣe òmìnira ní èdè Swahili. Ẹ sọ ìyẹn náà fún Kẹ́hìndé.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Asẹ́ aluminíọ̀mù yẹn, ojoojúmọ́ ni mò ń lò ó, kò wá sí mi lọ́kàn rí. Àwòrán tí Uhuru yà ńkọ́? Mo fẹ́ fi hàn án.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Kò ya àwòrán kankan, mà. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ náà ti wọ̀ mí lára. Àpótí gáàsì méjì tó kẹ̀yìn síra wọn ló gbé, ó sì ń fi ara yí díẹ̀díẹ̀. X-ray tó bá wọlé, ó kà á, ó sì kọ àkókò tó wọlé. Iye àti àkókò, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí iye lásán sọ wá pọ̀. Uhuru rí i pé X-ray tó ń ti ibì kan tí wọ́n ń pè ní Cen X-3 wá ń lọ sókè sódò ní ìṣẹ́jú-àáyá 4.8, 4.8, 4.8, láìṣìnà. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 2 ó kú pátá fún bí ìdajì ọjọ́, ó tún padà. Ìràwọ̀ neutron ni, ìyẹn ìyókù ìràwọ̀ ńlá tó ti kú. Ó wúwo ju oòrùn lọ, síbẹ̀ fífẹ̀ irú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kílómítà 25 lọ. Orí òpó mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ méjèèjì ni gáàsì ń dà lé, ibẹ̀ ló gbóná, bó bá sì ti ń yí ni ojú gbígbóná yẹn ń kọjú sí wa tó tún ń kẹ̀yìn. Tó bá wọ ẹ̀yìn ìràwọ̀ ńlá tí wọ́n jọ ń yí po, a ò rí i mọ́.

Orísun X-ray mìíràn, Cyg X-1, ò rí bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀ dà bí òjò lórí páànù, kò ní ìlù kan pàtó, bẹ́ẹ̀ ó ń yí padà láàárín àkókò tí kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ohun tó bá lè yára tó bẹ́ẹ̀ ní láti kéré, torí àkókò tí ìmọ́lẹ̀ fi ń là á já ò gbọ́dọ̀ ju ìyẹn lọ. Òun àti ìràwọ̀ ńlá kan ń yí ara wọn po ní ọjọ́ 5.6. Lọ́dún 2021 wọ́n tún un wọ̀n, ó tó oòrùn 21. Kò sí ìràwọ̀ neutron tó lè wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ihò dúdú ni.

NASA kó àwọn iye yìí sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Dátà òru ni mo fi fa ti Cen X-3 wá, èyí tí sátẹ́láìtì X-ray NASA kan tó ń jẹ́ Rossi kà. Nǹkan bí aago mẹ́ta òru ni mo fà á yọ lójú kọ̀ǹpútà, òkè, ìsàlẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀. Mo ń fi ìka lu tábìlì tẹ̀lé e, mi ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi.

Ẹ jẹ́ kí Kẹ́hìndé gbé aago síwájú, kó máa lu tábìlì lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún márùn-ún, kó ṣe é fún ìṣẹ́jú kan. Bí Cen X-3 ṣe ń yí gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ nìyẹn.

Ìyá Ìbejì

A ti lù ú. Táyé tí kì í dá sí irú nǹkan báyìí ló jókòó tì wá, òun ló ní kí n béèrè: tí gáàsì ara ìràwọ̀ ńlá yẹn bá wá tán, ṣé ihò dúdú náà á dákẹ́ nìyẹn?