Àbọ̀ ọ̀rọ̀ àdúgbò ìlú ńlá: ìdáhùn ti jáde

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Ìbéèrè mi ni bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè mọ àṣà àdúgbò mẹ́ta nínú ìlú kan, kó má kàn máa ya fọ́tò kiri. Ibi tí a bá a dé rèé.

Kó mú òpópónà kan ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kó fẹsẹ̀ rìn ín láàárọ̀, nírọ̀lẹ́ àti lọ́jọ́ ìsìn. Ẹni tó lọ lọ́sàn-án nìkan á rò pé arúgbó ló kún ibẹ̀. Àwọn yòókù wà níbi iṣẹ́. Kó ka pátákó ìsọ̀: èdè wo ló tóbi jù, èwo ló kéré nísàlẹ̀? Ìwé àfọwọ́kọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn tiẹ̀ wúlò jù, torí ará àdúgbò ni wọ́n kọ ọ́ fún. Pátákó lè ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí onísọ̀ ti kó lọ.

Kó gbàyè kó tó bèèrè ọ̀rọ̀. "Ìgbà wo lẹ dé ibí, àwọn wo lẹ bá?" ń mú ọ̀rọ̀ jáde ju "kí ni àṣà yín?" lọ. Tó bá fẹ́ fi wé àbájáde ìkànìyàn, kó ṣọ́ra: ààlà tí ìjọba fà kì í sábà bá èyí tí ará àdúgbò mọ̀ mu.

Mo ti pa ìbéèrè náà dé.