Ta ló kọ ọ́?

Tèmi nìyí, ẹ̀yin ará, lórí bí mo ṣe ń to fáìlì orin kọ́áyà wa. Nígbà tí ọ̀gá kọ́áyà wa fẹ̀yìn tì ní 2019, wọ́n pè mí sílé wọn lẹ́yìn Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, wọ́n fa hard disk kan lé mi lọ́wọ́. "Gbà, kí ìyà má baà jẹ àwọn orin yìí." Àwọn orin náà lé ní 4,000. Foldà kan ń jẹ́ "Handel", òmíràn "Haendel", àìmọye ló sì ń jẹ́ "Track 01" lásán.

Mo fẹ́ gbọ́ Messiah ti Handel, orin kọ́áyà gígùn kan, nínú mọ́tò lọ sí Oǹdó, ni mo bá dà á sórí fóònù. Nígbà tí mo ṣí i, ó ti fọ́ sí méje. Tẹ́nọ̀ tó kọ "Comfort ye" wà lọ́tọ̀, sópúránò wà lọ́tọ̀, kọ́áyà wà lọ́tọ̀. Ẹni tó ṣe tag rẹ̀, ìyẹn àlàyé tí wọ́n ń kọ mọ́ fáìlì orin, fi orúkọ olóhùn kọ̀ọ̀kan sí àyè Artist, ó wá fi àyè Album Artist sílẹ̀ lófìfo, fóònù sì gbà pé iṣẹ́ méje ni. CD méjì ni tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó kọ èyí tó ṣíwájú sí i. Bí "Hallelujah", tó yẹ kó parí apá kejì, ṣe ń dún kí áńgẹ́lì tó yọ sí àwọn olùṣọ́ àgùntàn nìyẹn. Ó dùn mí gan-an, torí ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi kọ tẹ́nọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo rí pé ó wà nídìí rẹ̀: kọ. Ẹni tó to nóòtù sórí ìwé, ó kọ orin. Ẹni tó fi ohùn gbé e, òun náà kọ orin. Olórin jùjú tàbí fújì sábà máa ń ṣe méjèèjì fúnra rẹ̀, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Handel ti kú láti 1759, kò sì sí orúkọ rẹ̀ rárá lára àwọn tí fóònù mi tò sílẹ̀.

Composer, ìyẹn àyè ẹni tó to nóòtù, ni mo máa ń kọ́kọ́ kún báyìí. Orúkọ iṣẹ́ ló tẹ̀ lé e, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ nínú àkójọ gbogbo iṣẹ́ ẹni náà, BWV fún Bach, K fún Mozart. Mi ò fojú kékeré wo nọ́ńbà yẹn o. Nọ́ńbà sínfónì nìkan lè tan ni jẹ: foldà kan wà tó ń jẹ́ "Dvorak 5 New World", òmíràn "Dvorak 9". Mo jókòó gbọ́ méjèèjì lálẹ́ ọjọ́ kan. Sínfónì kan náà ni, èyí tó parí ní 1893. 5 ni àwọn àwo àtijọ́ ń pè é, nígbà tí wọn ò tíì ka àwọn mẹ́rin tí wọn ò tẹ̀ jáde nígbà ayé rẹ̀ mọ́ ọn.

Tiwa ló le jù. Mo wá Fela Sowande, ọmọ Nàìjíríà tó máa ń to nóòtù orin sórí ìwé, ìdajì ló jáde. Ó wà bíi Sowande, ó wà bíi Showande, ó wà bíi Ṣówándé. Ṣówándé gan-an tún pín sí méjì: nínú ọ̀kan, ṣ jẹ́ lẹ́tà kan, nínú èkejì, s ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ kí wọ́n tó fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Ojú ò rí ìyàtọ̀ yẹn, ẹ̀rọ rí i. Mo mú Sowande fún Composer, mo fi àmì ohùn sórí àkọlé. Lọ́jọ́ tí mo ní kí ètò kan bá mi kún gbogbo rẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó fi orúkọ ẹlòmíràn bo orin kọ́áyà wa. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀dà tí mo ti ṣe. Mp3tag, ètò tí wọ́n fi ń tún tag ṣe, ni mo ń lò báyìí, ọwọ́ mi ni mo sì fi ń kún un.

Ó wá ku fáìlì kan, AUD-20180325-WA0007. Sọ́ńdè Ìmọ̀ Ọ̀pẹ ni. Òjò ń rọ̀ sórí páànù nínú rẹ̀, Bàbá, ọ̀gá kọ́áyà wa tó fẹ̀yìn tì, ń sọ pé, "Álítò nìkan, ẹ̀kan sí i," lẹ́yìn náà ni obìnrin kan dá orin tí gbogbo ìjọ mọ̀. "Traditional" ni mo ti fi sí Composer. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i, mo gbé láàpútọ́ọ̀pù lọ bá wọn.

"Bàbá, ta ló kọ ọ́?"

"Èwo nínú méjèèjì lò ń bèèrè?"

"Ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀, sà."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Èmi ni." Wọ́n wọlé, wọ́n mú bébà kan jáde tó ti pọ́n létí, nóòtù sọ́fà ló kún un látòkè délẹ̀, 1986 lókè rẹ̀.

Mo tẹ orúkọ wọn sí i níwájú wọn. Wọ́n wo ojú kọ̀ǹpútà náà títí. "Obìnrin tó dá a ńkọ́? Fi orúkọ tirẹ̀ náà sí i."