Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí pineapple lily: ṣé kí n hú u ni àbí kí n fi sílẹ̀?

ỌmọLeeds: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ra pineapple lily mẹ́ta, òdòdó tó máa ń gbé ewé lérí bí ọ̀pẹ̀yìnbó yẹn, mo gbìn wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńsì, wọ́n yọ òdòdó dáadáa lóṣù kẹjọ, mo tiẹ̀ fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mọ̀mí mi n'Íbàdàn, wọ́n ní ìgbà wo la máa já a jẹ 😂. Wíńtà kọjá, mo walẹ̀ wò, ẹyọ kan ló kù, méjì ti jẹrà, ó rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, ó ń rùn. Mo fẹ́ ra òmíràn. Irú wo ni kí n rà, ṣé kí n sì máa hú u kí òtútù tó dé?

BàbáOlóko: Òtútù kọ́ ló pa á, omi ni. Gúúsù Áfíríkà ló ti wá, òjò ibẹ̀ nígbà ooru ló ń rọ̀, tí òtútù bá dé ilẹ̀ á gbẹ. Tiwa ní UK níbí ńkọ́? Láti oṣù kẹwàá òjò ò dákẹ́ mọ́. Tílẹ̀ ẹ bá jẹ́ amọ̀, po òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ọn dáadáa, ri bulb yẹn (ìdí ẹ̀ tó rí bí àlùbọ́sà) wọlẹ̀ tó ínṣì 6, ibi tí oòrùn ti ń pa á, tó bá di oṣù kọkànlá kó èèpo igi lé e lórí. Èmi ò hú tèmi rí.

ÌyáÌbejìKent: Bàbá, ẹ má bínú o, Leeds lápá àríwá tí òtútù ti pọ̀ jù ló wà, kì í ṣe Kent, ìkòkò ni kó gbìn ín sí jàre. Tí ewé bá ti ń pọ́n, má bomi rin ín mọ́, gbé ìkòkò ẹ̀ wọ ṣẹ́ẹ̀dì tàbí gáréèjì, ibi tí omi ò ti lè di yìnyín, fi sílẹ̀ gbígbẹ bẹ́ẹ̀ títí di oṣù kẹta tàbí ìkẹrin. Tó o bá sì hú u, kọ orúkọ sára báàgì ẹ̀! Mo kó tèmi sínú báàgì pépà ní kíṣìnì, bàbá ìbejì ti mú ọ̀bẹ, ó fẹ́ gé e sínú ọbẹ̀ ẹyin, ó ní àlùbọ́sà ni.

Ti irú tó o máa rà, mo fẹ́ràn Sparkling Burgundy, ewé ẹ̀ pupa bí wáìnì tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, tó bá fẹ́ yọ òdòdó á máa di àwọ̀ ewé. Èyí tí wọ́n ń pè ní bicolor lẹ́wà o, ṣùgbọ́n òórùn ẹ̀ bí ẹran tó ti bàjẹ́, eṣinṣin ló ń wá a. Má gbìn ín sábẹ́ wíńdò.

AtlantaBoy: Ilẹ̀ ni tèmi ń sùn lọ́dọọdún, wàhálà kankan ò sí. Ẹ kú ìfaradà òtútù o 😅

Adúmáadán_Glasgow: Kó má kánjú náà o. Ó máa ń pẹ́ jí gan-an, mo ju méjì dànù lóṣù kàrún-ún torí mo rò pé wọ́n ti kú, ìgbà tí mo wá rí ẹ̀kẹta tó yọrí lóṣù kẹfà, ó dùn mí wọnú egungun.

ỌmọLeeds: Ẹ ṣé gan-an ni. Ìkòkò ni màá lò fún tuntun. Ẹyọ tó kù yìí ńkọ́, ṣé ó ṣeé sọ di púpọ̀?

ÌyáÌbejìKent: Ó ṣeé ṣe dáadáa. Já ewé kan nígbà ooru, gé e sí ínṣì méjì méjì, tì í bọ inú kọ́ńpọ́ọ̀sì tó o po yanrìn mọ́, bulb kéékèèké á yọ nídìí ẹ̀. Má dojú ẹ̀ kodò ṣá, apá tó sún mọ́ ìdí ni kó wọlẹ̀. Èmi dojú ẹ̀ kodò lẹ́ẹ̀kan, odindi oṣù méjì ni mo fi bomi rin ewé lásán.