Pípààrọ̀ ẹni tó ń ta omi fún ilé búrẹ́dì ní England: ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó bá mọ ọjà omi àwọn oníṣòwò ní England ni mò ń wá.

Láti oṣù kẹrin ọdún 2017 ni oníṣòwò ti lè yan ẹni tí yóò máa ta omi fún un. Scotland ti ṣe é láti 2008. (Ètò yìí ò kan omi ilé gbígbé.) Ilé-iṣẹ́ tó ni páìpù kì í yí padà, ẹni tó ń ka mítà tó sì ń kọ bíìlì ló ń yí. Owó oní-páìpù, tí Ofwat (àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso owó omi) ń díwọ̀n, ló sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú bíìlì, nítorí náà ẹ̀dínwó tí wọ́n ń fi pe oníbàárà kì í tó nǹkan.

Nínú owó omi ìdọ̀tí ni mo rò pé mo ti lè rí owó dín kù. Wọ́n sábà máa ń kà á pé ìdá 95 nínú 100 omi tó wọlé ló padà sínú páìpù ìdọ̀tí, bẹ́ẹ̀ inú ìyẹ̀fun ni omi búrẹ́dì ń lọ, ooru sì ń gbé òmíràn.

Ṣé ọwọ́ ẹni àtijọ́ ni kí n ti bèèrè àtúnṣe ìdá yìí kí n tó kúrò, àbí ti tuntun? Tí mo bá fi mítà kékeré sórí páìpù ibi ìpo-ìyẹ̀fun, àkọsílẹ̀ oṣù mélòó ni oní-páìpù máa ń gbà? SPID (nọ́mbà tí wọ́n fi ń dá ibi tí omi ń lọ mọ̀ nínú ọjà yìí) méjì ló wà, ti omi àti ti ìdọ̀tí: ṣé ó burú tí ọ̀kan bá ṣáájú èkejì lọ sọ́dọ̀ ẹni tuntun?