Kọ́ọ̀sì jíìmù ní kíláàsì 11 ní Ontario, Canada: ṣé kí n jẹ́ kó ṣe é?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọkùnrin mi ń yan kọ́ọ̀sì kíláàsì 11, jíìmù méjì ló kọ sílẹ̀! Bàbá rẹ̀ ní kó yọ méjèèjì, kó fi Físíìsì àti Kẹ́mísìrì dípò. Ọmọ ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti àná. Ọjọ́ Jímọ̀ ló gbọ́dọ̀ fi àwọn tó yàn ránṣẹ́. Ẹ gbà mí.

Bọ̀dá Olùkọ́: Ẹ kú àárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kóòdù wọn? Orúkọ kọ́ọ̀sì máa ń tan ènìyàn.

Ìyá Ìbejì: PAF3O àti PPL3O.

Bọ̀dá Olùkọ́: Ó dáa. 3 yẹn ni kíláàsì 11, 4 ni kíláàsì 12. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ fojú sí. U ni ti yunifásítì, C ni ti kọ́lẹ́ẹ̀jì, M sì ń ṣiṣẹ́ fún méjèèjì. O ni ti gbogbo ayé: ọmọ ń gba kírẹ́díìtì rẹ̀, ó wà nínú 30 tó fi máa jáde, àmọ́ yunifásítì kì í kà á. Máàkì mẹ́fà tó ga jù nínú kọ́ọ̀sì 4U àti 4M ni wọ́n sábà ń wò, ENG4U (Gẹ̀ẹ́sì kíláàsì 12) sì máa ń wà lára wọn. (Tí ilé ìwé bá tún so lẹ́tà mìíràn mọ́ ìparí kóòdù, tiwọn nìyẹn, ẹ má fi dààmú.) Kí ló fẹ́ ṣe ní kíláàsì 12?

Ìyá Ìbejì: Ó ní kinesiology. Mo rò pé ó ń bú mi ni.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: 😂😂 Ẹ̀gbọ́n mi! PSK4U nìyẹn, ẹ̀kọ́ nípa bí ara ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ tó bá ń gbéra. Ọmọbìnrin mi ṣe é lọ́dún tó kọjá. Ó rò pé bọ́ọ̀lù ni wọ́n á máa gbá, àfi bí wọ́n ṣe kó orúkọ eegun àti iṣan lé e lọ́wọ́. Wọ́n kọ́ wọn bí apá ènìyàn ṣe ń ṣe bí igi tí a fi ń ti ẹrù wúwo, àti ìdí tí agbára tí ara fi ń sáré 100 mítà kò fi jọ èyí tó fi ń sáré kìlómítà 10. Ó sunkún dáadáa. Àmọ́ nígbà tí wọ́n dé orí ATP (èròjà tó ń fún sẹ́ẹ̀lì ara lágbára) ní SBI4U, Bayọ́lọ́jì kíláàsì 12, òun ló ń ṣàlàyé fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Bọ̀dá Olùkọ́: Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyẹn. Kí ọmọ tó lè ṣe PSK4U, ó gbọ́dọ̀ ti ṣe sáyẹ́ǹsì kíláàsì 11 tó jẹ́ U tàbí M, tàbí kọ́ọ̀sì jíìmù O kan ní kíláàsì 11 tàbí 12. Ọ̀kan nínú jíìmù yẹn ti tó. Ìlànà ẹ̀kọ́ kan náà ló wà lẹ́yìn PAF3O àti PPL3O, PAF kàn tẹ̀ sí kíkọ́ ara ju eré ìdíje lọ ni. Kó fi SBI3U, Bayọ́lọ́jì kíláàsì 11, sí ipò ìkejì, torí láìsí SBI3U, kò lè wọ SBI4U. Bàbá rẹ̀ náà ò jẹ̀bi tán o.

Bàbá Tóbi: Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà níbèérè. Tèmi ò lè gbá bọ́ọ̀lù rárá, nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe. Ṣé ó nílò gbogbo èyí?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Rárá o, sà. Bayọ́lọ́jì àti Kẹ́mísìrì ni kó gbájú mọ́. Àmọ́ ẹ bi ilé ìwé rẹ̀ bóyá wọ́n ní SHSM (Specialist High Skills Major, ètò tó ń jẹ́ kí ọmọ gbájú mọ́ irú iṣẹ́ kan) ti Health and Wellness, ìyẹn ti ìlera. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwé ló ní in. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa gba ìwé ẹ̀rí ìtọ́jú pàjáwìrì àti CPR (títẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró), wọ́n á sì lọ ṣe co-op, ìyẹn kíkọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́. Kíláàsì 10 ni kẹ́ ẹ ti béèrè, kó má baà kún.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun gan-an. PAF3O àti SBI3U ló yàn. Ó ti ń jẹun báyìí. Bàbá rẹ̀ ṣì ń béèrè Físíìsì.