Ihò bíárìn ò bára mu mọ́ lẹ́yìn tí wẹ́dà jó fúrémù tán, báwo lẹ ṣe ń yà á nínú CAD (ètò tí wọ́n fi ń ya dírọ́ìn lórí kọ̀ǹpútà)?

Ayaworan_Irin: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí, ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ da èmi àti ọ̀gá mi rú. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ la ń ṣe níbi tí mo wà, èmi ni mo sì ń ya dírọ́ìn rẹ̀ nínú SolidWorks. Fúrémù ẹ̀, U-channel 100 (irin tó rí bíi lẹ́tà U) ni, ó gùn tó 1200 mm, pléètì méjì ló wà lórí ẹ̀ tí pillow block UCP208 (ilé bíárìn tí ṣáàfù ń yí nínú ẹ̀) máa jókòó lé, torí ṣáàfù 40 mm la lò. Èmi wá yà á bó ṣe máa rí tó bá ti parí pátápátá, pléètì ti di 13 mm, ihò bóòtù méjì-méjì ti wà lórí ẹ̀, 137 mm láàárín wọn, gbogbo ẹ̀ dùn-ún wò lójú kọ̀ǹpútà. Mo prínt ẹ̀ fún wẹ́dà. Wẹ́dà dọ́jà kò rí pléètì 13, ó ra 12, ó gé e, ó lu ihò sí i lórí tábìlì, ó wá jó o mọ́ fúrémù. Ìgbà tó tutù tán la ta okùn láti apá kan sí èkejì, ihò ti fi 4 mm yẹ̀ síra wọn. Ni wọ́n bá fi fáìlì fẹ ihò yẹn títí tó fi gùn bí ojú ológbò, wọ́n fi tipátipá di bóòtù, a tan ẹ́ńjìnnì, kò pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí bíárìn gbóná débi téèyàn ò lè fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá ní èmi ni mo bà á jẹ́, wẹ́dà ní ohun tóun rí nínú bébà lòun ṣe. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ya nǹkan kan ṣoṣo kó ní ti kí wọ́n tó jó o, ti ìgbà tí wọ́n jó o tán, àti ti ìgbà tí tọ́nà (ẹni tó ń fi ẹ̀rọ fá irin, tó sì ń lu ihò sí i) bá ti fọwọ́ kàn án, láì jẹ́ pé mò ń ya mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tó jẹ́ pé mo bá yí ìwọ̀n kan padà nínú ọ̀kan, àwọn méjì tó kù ò ní gbọ́?

Weda_Agba: Àbúrò, má bínú o, wẹ́dà yẹn ò jẹ̀bi. Bébà ní kó lu ihò, ó lu ú. Ibi tá a bá ti jó irin, tó bá ń tutù ńṣe ló máa ń súnkì, apá ibi tá a bá jó jù ló máa fa ìyókù lọ. Èmi máa ń kọ́kọ́ fi electrode gauge 12 tákì ẹ̀ (jó o díẹ̀ kó lè dúró) ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí n tó fi gauge 10 jó o, díẹ̀ lápá ọ̀tún, díẹ̀ lápá òsì, n kì í jó apá kan tán kí n tó kọjá sí èkejì. Síbẹ̀síbẹ̀, irin tó gùn ju mítà kan lọ, mi ò lè búra fún ẹ pé kò ní fà. Ihò tó bá máa gbé bíárìn, ẹ jẹ́ kó gbẹ̀yìn.

Tona_Mushin: Ẹ ṣé bàbá. Ẹ tún fi ẹran sílẹ̀ lára pléètì fún wa! 16 mm ni kí wẹ́dà lò, kí èmi wá fá a di 13 lórí mílìn, ẹ̀rọ tá a fi ń fá irin. Tó bá jẹ́ 12 lẹ gbé wá, tẹ́ ẹ ní kí n fá a kó tẹ́jú, níbo ni n ti fẹ́ rí 13? Kẹ́ ẹ sì kọ ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n sínú bébà, mo bẹ̀ yín. Abẹ́ U-channel lèmi fẹ́.

Solid_Ibadan: Ẹ yà á bíi part (fáìlì) kan ṣoṣo tó ní body (ẹyọ irin) púpọ̀ nínú, kì í ṣe assembly tó ń kó fáìlì púpọ̀ pọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ Weldment (ti iṣẹ́ jíjó), SolidWorks fúnra ẹ̀ máa ń dá config (ìrísí part kan náà) méjì sílẹ̀, As Machined (lẹ́yìn tí tọ́nà bá fá a) àti As Welded (lẹ́yìn tí wẹ́dà bá jó o). Tí kò bá ṣe é, ẹ lọ sí Document Properties, ẹ wọ Weldments, ẹ wò ó bóyá Create derived configurations ti ní máàkì. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ya pléètì ní 16, láìní ihò kankan lára. Ìgbà tí gbogbo irin bá pé tán ni kẹ́ ẹ wá gé 3 mm kúrò lójú ẹ̀, kẹ́ ẹ lu ihò yín, ní As Machined. Ẹ wá padà sí As Welded, kẹ́ ẹ rí i dájú pé cut (gígé) àti ihò yẹn wà ní suppress (wọn ò ní hàn) níbẹ̀. Bébà wẹ́dà, As Welded. Bébà tọ́nà, As Machined. Ẹ yí 1200 sí 1300, méjèèjì á yí pa pọ̀.

Ayaworan_Irin: Haa! Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí As Welded yẹn tí mo sì ń dìlíìtì ẹ̀, mo rò pé ìdọ̀tí ni 😩

Egbon_Fabrication: Èmi ò fara mọ́ config fún irú iṣẹ́ yìí o, mo ti jìyà ẹ̀ rí. Cut list, àkójọ irin tí wọ́n máa gé, máa ń kó irin tó bá jọra sójú kan, ẹsẹ̀ mẹ́rin tó bá jẹ́ ọ̀kan náà á kọ 4 síwájú ẹ̀. Ọjọ́ tí mo lu ihò sí méjì lára wọn nínú part yẹn náà, ó pín wọn sí 2 àti 2, bíi pé irú irin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹni tó ń gé irin gé méjì àkọ́kọ́, ó bá jókòó, ó ní òun ò mọ̀ bóyá àwọn méjì tó kù náà jẹ́ tòun. Ohun tí mò ń ṣe báyìí, fáìlì àkọ́kọ́ á dúró síbi tí wẹ́dà bá ti gbé iná kalẹ̀, mo á ṣí fáìlì tuntun, Insert, Part, mo á fa ti àkọ́kọ́ wọlé, ibẹ̀ ni mo ti máa fá, tí mo ti máa lu. Ọ̀kan ń jẹ́ FR-01-W, èkejì FR-01-M. Wẹ́dà yín àti tọ́nà yín ò sí ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, owó ọ̀tọ̀ lẹ ń san fún oníkálukú, ẹ jẹ́ kí nǹkan yẹn ní orúkọ méjì. Tó bá jẹ́ ọwọ́ ẹnì kan náà ló ti máa parí, config tó.

Solid_Ibadan: Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni ti cut list yẹn, mo gbà. Àmọ́ fáìlì méjì náà ní wàhálà tiẹ̀, ẹnì kan kó ọ̀kan sínú fláàṣì láìkó èkejì, ó parí nìyẹn.

Omo_Eko_UK: Inventor, ètò CAD mìíràn, la ń lò níbí, ó ti pín in sílẹ̀ fún ẹ tẹ́lẹ̀: Preparations, ibi tẹ́ ẹ ti máa gé etí irin kí iná lè ráyè wọlé, Welds, wá Machining. Ihò tẹ́ ẹ bá lu ní Machining lè la irin mẹ́ta kọjá, kò sì ní wọnú fáìlì ìkọ̀ọ̀kan wọn. Tẹ́ ẹ bá wá ń ṣe dírọ́ìn, á bi yín pé ìpele wo lẹ fẹ́ fi hàn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti sọ assembly di weldment kò sí pé ẹ ń dá a padà, ẹ ṣe ẹ̀dà ẹ̀ pamọ́. Ohun mìíràn, ISO 13920 class B, ìlànà tó ń sọ bí ìwọ̀n irin tí wọ́n jó ṣe lè yẹ̀ tó, irin tó gùn láti 1000 sí 2000 mm, ó gbà kó fi 4 mm gùn jù tàbí kúrú jù lẹ́yìn tí wọ́n jó o. Ta ló wá fẹ́ gbé bíárìn lé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láì kọ́kọ́ fá a?

FreeCAD_Lasan: Àwa tá ò lówó license náà wà ńlé o 😂 Nínú FreeCAD, ètò CAD ọ̀fẹ́, ẹ ya irin yín lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fi Fuse pa wọ́n pọ̀, ìyẹn ni jíjó. Ẹ wá fi Cut gé ihò àti 3 mm kúrò lára Fuse yẹn. Irin àkọ́kọ́ ṣì wà lábẹ́ ẹ̀ nínú tree (àkójọ ohun tẹ́ ẹ ti yà), ihò ò kan wọ́n rárá. Bébà mẹ́ta nínú TechDraw, ibi tí wọ́n ti ń ṣe dírọ́ìn, ó tán.

Ayaworan_Irin: Ẹ ṣé gan-an ni. Iná jíjó fúnra ẹ̀ ńkọ́, ṣé kí n ya bead ẹ̀ (ìlà irin yíyọ́ tó dì sójú ibi tí wọ́n jó)?

Egbon_Fabrication: Fún kí ni? Àmì ni kó o fi sí dírọ́ìn, kọ sáìsì ẹ̀ síbẹ̀. Bead máa kàn sọ fáìlì di ẹrù ni. Ibì kan ṣoṣo tí mo ti ń yà á ni tó bá súnmọ́ ibi tí ẹsẹ̀ pillow block máa gbé, torí bead tó bá yọ sókè ní igun, bíárìn ò ní jókòó dáa.

Ayaworan_Irin: Ẹ kú ìfẹ́ o, mo padà wá jíṣẹ́. Fáìlì méjì ni mo ṣe, ti ẹ̀gbọ́n. Bébà wẹ́dà ò ní ihò kankan, ó tiẹ̀ pè mí lórí fóònù, ó ní ṣé mi ò gbàgbé nǹkan. Tọ́nà fá pléètì láti 16 di 13, abẹ́ U-channel ló ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n, ó lu ihò lẹ́ẹ̀kan náà láì tú u kúrò lórí mílìn. A ta okùn, ó ṣe déédéé. A fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán, mo fọwọ́ lé bíárìn, ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni.

Weda_Agba: Ọlọ́run ṣeun. Fúrémù àkọ́kọ́ yẹn wá ńkọ́?

Ayaworan_Irin: Ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá ní orí ẹ̀ ni kí n ti máa jẹun ọ̀sán.